Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ Fádà: Ohun Tí Ìwàásù Àgùdà Ń Kọ́ Wa, àti Ibi Tí A Kò Lè Bá Wọn Dé

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa sin bàbá rẹ̀ ní Ṣakí níbí. Àgùdà ni bàbá náà títí ó fi kú, àgbẹ̀ oníṣu ni. Ọmọ rẹ̀ yìí nìkan ló wá sí ọ̀dọ̀ wa. Àwa pásítọ̀ mẹ́rin la jókòó sí ìlà kẹta, pẹ̀lú Bíbélì ńláńlá wa lórí orúnkún. Fádà tó wàásù kò tíì tó ẹni ogójì ọdún. Wọ́n ti ka ibì kan nínú ìwé Ọgbọ́n, tí kò sí nínú Bíbélì tiwa, níbi tí a ti sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ẹ̀mí àwọn olódodo wà. Fádà dìde, ó ní ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni òun fẹ́ sọ. Ó sọ nípa ọwọ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ebè, ọwọ́ tó le bí èèpo igi, tí gbogbo ọmọdé àdúgbò mọ̀ nítorí pé òun ló ń há iṣu sísun fún wọn. Ó ní ọwọ́ yẹn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó ti bọ́ sínú ọwọ́ mìíràn tí kì í rẹ̀. Ó bi wá léèrè ohun tó wà ní ọwọ́ tiwa. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó dákẹ́, gbogbo ilé sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. A wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, màmá kan tí ń ta èlùbọ́, ọmọ ìjọ wa tí òun náà wà níbi ìsìnkú ọjọ́ náà, dá wa dúró lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, Pásítọ̀. Ẹ má bínú sí mi o. Ìwàásù yín dùn, a hó, a jó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí Fádà yẹn sọ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá ti gbé kóńgò lé èlùbọ́ báyìí, ọwọ́ ara mi ni mo máa ń wò.” A bi í léèrè ohun tí àwa wàásù lé lórí ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, tí a fi lo àádọ́ta ìṣẹ́jú. Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ó dùn.”

Ọ̀rọ̀ màmá yìí ló mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ẹni tó mọ Ṣakí mọ̀ pé ìlú Mùsùlùmí àti Onítẹ̀bọmi ni, kì í ṣe ìlú Àgùdà. Ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ni tolórí-tẹlẹ́mù mọ̀ níbí, ohùn wáàsí Mùsùlùmí ló sì ń gba ìgboro ní oṣù Ààwẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pípọ̀ ni àwọn Àgùdà fi ń rí etí gbọ́ láàrin wa. Èsì tó máa ń wà lẹ́nu wa ni pé aṣọ wọn ni, tùràrí wọn ni, ilé ẹ̀kọ́ wọn ni, ìwé tí àwọn Fádà kà ni. Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. A kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí a rí ni pé okùn wà lọ́rùn oníwàásù Àgùdà, okùn náà ló sì ń fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní agbára. Ibi tí okùn náà bá ti já, ohùn oníwàásù á túbọ̀ ròkè, ọ̀rọ̀ á sì bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Ìwé Mímọ́ tí wọ́n ń kà. Lẹ́yìn Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, ní ọdún 1969, ìjọ Àgùdà gbé ètò ìwé kíkà tuntun jáde. Ọdún mẹ́ta ni ètò ọjọ́ Ìsinmi fi ń yí po: Mátíù ní ọdún kan, Máàkù ní ọdún kejì, Lúùkù ní ọdún kẹta, Jòhánù sì ń wọlé ní pàtàkì ní àkókò Lẹ́ńtì àti Àjíǹde. Ìhìnrere tí Fádà ń kà ní Ṣakí lónìí ni wọ́n ń kà ní Ìbàdàn àti ní Manila. Kò lè torí pé òrùlé ń jò kó sáré lọ sí Malakí orí kẹta. Bí ọ̀rọ̀ ràkúnmí àti ojú abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí ọjọ́ tí olówó ìlú jókòó sí iwájú, ó di dandan kó kà á, kó sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn tí ń gbọ́ ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé kò wá ọ̀rọ̀ náà kiri láti fi na ẹnikẹ́ni ní ọ̀pá, kò sì wá a láti fi tọrọ nǹkan. Kí ó tó la ẹnu rárá ni wọ́n ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìdajì ìyínilọ́kànpadà ti parí níbẹ̀.

Àwa ń sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń darí wa sí ibi tí a ó kà, a sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì ìwàásù wa, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbogbo ibi tí wọ́n ti gbọ́ tí a ti wàásù ní ìjọ wọn láàrin oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Malakí 3, Diutarónómì 28, Aísáyà 60, Sáàmù 35, Malakí 3 lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojú kan náà ni Ẹ̀mí ń darí gbogbo wa sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè bóyá Ẹ̀mí Mímọ́ kò fẹ́ràn ìwé Jákọ́bù ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò rí èsì fún un.

Àkókò náà wà níbẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ Evangelii Gaudium, ní ọdún 2013, Póòpù Francis fi ojú ìwé púpọ̀ sílẹ̀ fún ìwàásù nìkan, ó sì ní kó kúrú, kó má jọ lẹ́kíṣọ̀. Ní 2018 ó ní kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ní 2024 ó sọ ọ́ di mẹ́jọ, nítorí pé àwọn ènìyàn ń sùn. Àwọn kan nínú wa ń fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ìjọ tí kò ní ọ̀rọ̀ ni í kánjú. A rò pé ẹ̀fẹ̀ náà kò rí ìdí ọ̀rọ̀. Ìwàásù kọ́ ni òpin ìsìn Mísà. Tábìlì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. A kò gbà pẹ̀lú wọn nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tábìlì náà. A kò gbà pé búrẹ́dì ń yí padà, a kò sì gbà pé ẹbọ ni àlùfáà ń rú níbẹ̀, nígbà tí ìwé Hébérù ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Kristi fi ara rẹ̀ rúbọ. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ètò náà ṣe fún oníwàásù: ó lè dákẹ́. Kò sí lọ́rùn rẹ̀ pé kí omijé, ìwòsàn, ìdáǹdè àti owó ọrẹ ti ẹnu rẹ̀ jáde láàrin wákàtí kan. Lọ́dọ̀ wa, ìwàásù ló ń ru gbogbo ẹrù yẹn. Ẹni tí ẹrù wúwo lórí rẹ̀ kò lè ṣàì pariwo.

Níbi òkú ni ìyàtọ̀ yìí ti hàn jù. Òfin wọn sọ ọ́ kedere pé ìwàásù kúkúrú ni kó wà níbi Mísà ìsìnkú, kì í ṣe oríkì òkú. Ìdí nìyẹn tí Fádà fi sọ̀rọ̀ ọwọ́ bàbá náà, tí kò sọ iye ilé tó kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ síbi ìsìnkú tiwa mọ bó ṣe ń rí: kí ẹni kẹta tó gba gbohùngbohùn, òkú ti di Ábúráhámù, àwọn tó bá a jẹ gbèsè pọ̀ níjọ́sí sì wà níjokòó, wọ́n ń wojú ara wọn.

Ó ti pẹ́ tí ìjọ Kristi ti mọ̀ pé ọ̀nà tí a gbà sọ̀rọ̀ lè ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà ni Augustine, ará Thagaste, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlgéríà lónìí. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni ní Mílánì nígbà tó ń lọ gbọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé kì í ṣe nítorí ìgbàlà ni òun ń lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òkìkí ọkùnrin náà gẹ́gẹ́ bí ọlọ́rọ̀ dídùn jóòótọ́ ni. Bó ti ń ṣí ọkàn sílẹ̀ fún adùn ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ ń bá a wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní Àjíǹde ọdún 387, Ambrose rì í bọmi. Nígbà tí Augustine wá dàgbà, ó kọ ìwé fún àwọn oníwàásù, ó ní kí oníwàásù kọ́ni, kó dùn ún gbọ́, kó sì mi ọkàn. Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì mọ mímì dáadáa. Kíkọ́ni ni a máa ń fò.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo Fádà ló ń sọ̀rọ̀ bí èyí tí a gbọ́. Ọ̀pọ̀ ń ka bébà bí ẹni ń ka ìwé ìpàdé, àfi bí a ṣe ń wo aago. Póòpù kò ní sọ pé àwọn ènìyàn ń sùn bí wọn kò bá sùn. Àbùkù kan sì tún wà tó jù ìyẹn lọ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ náà, Fádà bi wá léèrè ohun tó wà lọ́wọ́ wa, kò sì dúró gba èsì. Kò pe ẹnikẹ́ni láti yí padà. Ọkàn mì, ara jókòó, a jáde lọ jẹun òkú. Ọba Àgírípà náà wí fún Pọ́ọ̀lù pé ó kù díẹ̀. Díẹ̀ náà ni kò kọjá. Màmá elélùbọ́ yìí yóò sọ fún yín fúnra rẹ̀ pé alẹ́ ìsọjí kan ní pápá ilé ẹ̀kọ́ ni òun ti gba Jésù, nígbà tí pásítọ̀ kan tí kò mọ gírámà sọkún pè é. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé òun kò fi ọgbọ́n ẹnu ènìyàn yí wọn lọ́kàn padà. Nínú lẹ́tà kejì sí àwọn ènìyàn kan náà, ó ní àwọn ń yí ènìyàn lọ́kàn padà nítorí ìbẹ̀rù Olúwa. Ẹ fi méjèèjì síwájú yín bí ẹ bá ń múra ìwàásù.

Títí dé ibí yìí, inú ilé ìjọsìn la wà, níbi tí ètò ìwé kíkà àti tábìlì wà. Lórí afẹ́fẹ́ ńkọ́? Lórí rédíò kò sí tábìlì, kò sí ìwé kíkà tó di dandan, ẹni tí ń gbọ́ sì lè yí bọ́tìnì nígbàkígbà. Okùn tí ìsìn so mọ́ oníwàásù ti tú. Àfi èyí tó bá so mọ́ ara rẹ̀, tàbí èyí tí ìjọ bá dì mú. Àwọn Àgùdà tètè wọ iṣẹ́ yìí. Marconi fúnra rẹ̀ ló bá Póòpù Pius Kọkànlá gbé ilé iṣẹ́ rédíò Vatican dúró ní oṣù kejì ọdún 1931. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ẹ̀kọ́ tó yè kooro wà, nínú ìtàn ọkùnrin méjì.

Fulton Sheen ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò láti 1930. Ní 1952, lẹ́yìn tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n fún un ní àyè lórí amóhùnmáwòrán ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní wákàtí kan náà tí apanilẹ́rìn-ín tó lókìkí jù, Milton Berle, ń ṣeré níbòmíràn. Kò sẹ́ni tó rò pé yóò pẹ́. Ọdún márùn-ún ni Life Is Worth Living fi wà lórí afẹ́fẹ́, mílíọ̀nù ènìyàn ló ń wò ó, Júù àti Pùròtẹ́sítáǹtì wà nínú wọn. Aṣọ bíṣọ́ọ̀bù, pátákó ìkọ̀wé, ẹfun, ó parí. Kò mú bébà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí ló fi ń múra ọ̀rọ̀ tí kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Yóò kọ ọ́, yóò ya á dànù, yóò tún un kọ láti inú orí. Yóò wá sọ ọ́ ní èdè Faransé àti ti Ítálì fún àwọn tó gbọ́ èdè náà, kó lè mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ lóye ohun tí òun ń wí. Ó ti mọ gbólóhùn tí yóò fi parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Owó tí wọ́n ń san fún un ń lọ fún iṣẹ́ míṣọ́nnárì. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Emmy, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé òun mẹ́rin: Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1953, Sheen mú ìran ìsìnkú láti inú eré Shakespeare nípa Késárì, ó fi orúkọ Stalin àti àwọn ìsọ̀ǹgbè rẹ̀ rọ́pò àwọn orúkọ inú eré náà, ó sì ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Stalin yóò pàdé ìdájọ́ rẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Stalin, ó sì kú ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta. Ká ní láàrin wa ni, pósítà ìbá ti gba ògiri láti Ṣakí dé Ìṣẹ́yìn. Lọ́dọ̀ Sheen, ètò ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń bá a lọ bó ti wà, pẹ̀lú pátákó àti ẹfun.

Ẹnì kejì ni Fádà Charles Coughlin. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1926 pẹ̀lú ìwàásù fún àwọn ọmọdé lórí rédíò kan ní Detroit. Ohùn rẹ̀ dùn lọ́nà tí kò wọ́pọ̀. Nígbà tí ebi ọdún 1930 sókè bo Amẹ́ríkà, ó fi Ìwé Mímọ́ sílẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀ owó àti ìṣèlú, àwọn olùgbọ́ rẹ̀ sì di ẹgbàágbèje. Bí èrò ṣe ń pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbóná. Ní 1938 ó ti ń tẹ irọ́ burúkú nípa àwọn Júù jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, ní àkókò tí Hitler ń dáná sun ilé ìjọsìn wọn ní Jámánì. Bíṣọ́ọ̀bù tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń tì í lẹ́yìn. Ní 1942, nígbà tí ìjọba ti gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Mooney pàṣẹ pé kó dákẹ́. Ó dákẹ́, ó padà sí ìjọ rẹ̀, ó sì ń ṣe Mísà níbẹ̀ títí di 1966.

Oníwàásù tó dùn lẹ́nu ni àwọn méjèèjì, àlùfáà ìjọ kan náà sì ni wọ́n. A kò rí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ju pé ọ̀kan so ara rẹ̀ mọ́ nǹkan, èkejì so ara rẹ̀ mọ́ èrò. Kò sì yẹ ká máa wo òkè òkun nìkan. Ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 2014, ní Enugu, Fádà Ejike Mbaka sọ ní gbangba pé kí Ààrẹ Jonathan máa lọ, kí Buhari wọlé. Ọ̀rọ̀ náà sì gba gbogbo ilẹ̀ yìí kan. Ní oṣù kẹfà 2022, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mìíràn tó sọ nípa Peter Obi, Bíṣọ́ọ̀bù Callistus Onaga ka àwọn Àgùdà léèwọ̀ láti máa lọ sí ibi ìsìn rẹ̀. Ẹ lè gbà pẹ̀lú Bíṣọ́ọ̀bù, ẹ lè má gbà. Kì í ṣe ìṣèlú ni a ń sọ. Ìbéèrè wa ni pé ní ọjọ́ tí pásítọ̀ tiwa kan bá ya kúrò lọ́nà lórí rédíò, ta ni yóò sọ fún un pé kó dákẹ́? Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, òun ló dá ìjọ sílẹ̀, òun ló ni àkáǹtì, òun ló ń san owó rédíò. Àjọ NBC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992, ló ní láti wá sọ fún wa ní 2004 pé kí a yé gbé iṣẹ́ ìyanu tí a kò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn sórí afẹ́fẹ́. Ìjọba ayé ló kọ́ wa níyẹn.

Òfin NBC kan náà kò fún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kankan ní ìwé àṣẹ láti ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ríra ni gbogbo wa ń ra àkókò, Àgùdà, Mùsùlùmí àti àwa. Nínú ọjà yìí, ẹ má gbàgbé pé abẹ́ Dáyósíìsì Ọ̀yọ́ ni àwọn Àgùdà Òkè-Ògùn wà, ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ sì ni Bíṣọ́ọ̀bù wọn láti 2009, Emmanuel Adétóyèṣe Badéjọ, kọ́. Wọ́n ń fi ìmọ̀ yìí sínú ẹ̀kọ́ àlùfáà. Àwa ń ra àkókò ná, a wá ń ronú ohun tí a ó sọ lẹ́yìn.

A ń sọ èyí nítorí pé àwa fúnra wa jẹ̀bi. Ìjọ kan tí a ń ràn lọ́wọ́ ní ètò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀. Owó rẹ̀ lóṣù tó owó tí a fi ń bọ́ pásítọ̀ kan ní abúlé, àkókò sì tó láti tún un san. Ìgbìmọ̀ béèrè bóyá ó ń yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà. A gba ohùn ètò kan sílẹ̀, a jókòó tì í pẹ̀lú aago. Orin ìbẹ̀rẹ̀ gba ìṣẹ́jú méjì. Orúkọ àti oyè olùdásílẹ̀ gba méjì. Ìkíni sí àwọn ìyàwó pásítọ̀ àti àwọn alátìlẹ́yìn gba ọ̀kan. Ìkéde ìsọ òru gba mẹ́ta, ẹ̀rí méjì, nọ́ńbà àkáǹtì ọ̀kan, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á. Bíbélì rí mẹ́rin gbà. Mẹ́rin náà sì dára o. Ọ̀rọ̀ lórí ìdáríjì ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún wa lọ́kàn. Nígbà tí ètò yìí kan náà ń lọ lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wa wà ní gáréèjì láàrin àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n tan rédíò. Wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdáríjì náà dáadáa. Bí ó ti kan nọ́ńbà àkáǹtì, ọ̀kan na ọwọ́, ó yí i sí eré bọ́ọ̀lù.

A sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n tún owó náà san, ṣùgbọ́n kí okùn wọ ọrùn ètò náà. Kí wọ́n ka ìwé Máàkù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹsẹ tó bá kàn ni kí wọ́n wàásù. Kí ìwàásù jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ìpè sí ìrònúpìwàdà tó dájú gba méjì, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn Fádà kò dé. Kí wọ́n má ka nọ́ńbà àkáǹtì. Kí alàgbà méjì tí kì í ṣe ẹbí pásítọ̀ máa gbọ́ ohùn náà kó tó jáde, kí wọ́n sì ní àṣẹ láti sọ pé rárá. Ìgbìmọ̀ gba mẹ́ta àkọ́kọ́. Ti kẹrin ṣì wà lórí tábìlì bí a ti ń kọ èyí.

Ní kíláàsì tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀. A fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ tí kò yàn fúnra rẹ̀, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni àkọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rọ, nínú Máàkù orí kẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí aago dún, a wò ó, ó wò wá, ó nu ojú. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dákun, kókó kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ̀, ó ku márùn-ún.”